Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni kí Kristẹni sọ pé ìjọba ò gbọdọ̀ fipá gba nǹkan oníǹkan?

Ọmọ_Arákálé · Àbámẹ́ta, 10:12 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn, mi ò sì fẹ́ gbé e sùn lónìí.

Ṣọ́ọ̀bù mi wà ní Arákálé níbí ní Àkúrẹ́, wáyà àti gílóòbù iná ni mò ń tà. Obìnrin opó kan máa ń dín àkàrà níwájú ṣọ́ọ̀bù náà láti aago mẹ́fà àárọ̀. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, àwọn ọkùnrin mẹ́ta dé pẹ̀lú tíkẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́. Ẹ̀ẹ̀kẹta nìyẹn lóṣù yìí, orúkọ tó sì wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan yàtọ̀ síra. Ìyá ní òun ò tíì pa ẹgbẹ̀rún méjì, kí wọ́n padà wá lọ́sàn-án. Ọ̀kan nínú wọn gbé agbada kúrò lórí iná, ó da òróró gbígbóná sínú gọ́tà, ó ju agbada sẹ́yìn ọkọ̀. Àwọn àkàrà tó wà nínú rẹ̀ kò tíì jinná. Wọ́n ń léfòó lórí omi gọ́tà, ẹ̀gbẹ́ kan pọ́n, ẹ̀gbẹ́ kejì ṣì funfun. Ìyá ò sunkún. Ó kàn mú aṣọ ìnuwọ́ rẹ̀, ó ń nu ṣíbí oníhò tó kù sí i lọ́wọ́, ó ń nù ún, ó ń nù ún.

Ó ti tó ọdún kan tí mo ti ń ka ìwé àwọn tí wọ́n ń pè ní libertarian. Fún ẹni tí kò bá gbọ́ orúkọ yẹn rí: ohun tí wọ́n ń sọ ni pé olúkúlùkù ló ni ara rẹ̀, òun náà ló sì ni ohun tí ọwọ́ rẹ̀ bá ṣe. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ kọ́kọ́ fi ipá kan ẹlòmíì, ìbáà jẹ́ olè, ìbáà jẹ́ ọba. Ohun tó bá jẹ́ olè jíjà lọ́wọ́ mi kì í di ohun mímọ́ nítorí pé ẹni tó ní ìwé ìjọba lápò ló ṣe é. Àwọn kan nínú wọn gbà kí ìjọba kékeré wà, tí iṣẹ́ rẹ̀ ò ní ju ti ọlọ́dẹ lọ: kó ṣọ́ wa lọ́wọ́ olè àti apànìyàn, kó dá ẹjọ́, kó rí i pé àdéhùn múlẹ̀. Robert Nozick, tó jẹ́ olùkọ́ ní Yunifásítì Harvard, sọ nínú ìwé tó kọ ní 1974 pé kí ìjọba máa gba owó orí lára èrè iṣẹ́ ẹni, ìkan náà ni pẹ̀lú kí wọ́n fipá múni ṣiṣẹ́. Murray Rothbard ní tiẹ̀ ní ká má tilẹ̀ ní ìjọba kankan.

Mo wá ṣí Bíbélì mi sí Sámúẹ́lì Kìíní orí 8. Àwọn Ísírẹ́lì ní àwọn fẹ́ ọba. Sámúẹ́lì sọ ohun tí ọba yẹn máa ṣe fún wọn: ó máa mú ọmọkùnrin yín lọ sídìí kẹ̀kẹ́ ogun, ó máa mú ọmọbìnrin yín lọ sílé ìdáná, ó máa gba oko yín tó dára jù fún àwọn ìránṣẹ́ rẹ̀, ó máa gba ìdá mẹ́wàá irúgbìn àti àgùntàn yín, ẹ̀yin náà á sì di ẹrú rẹ̀. Mo ka ibẹ̀ ní kíláàsì Bíbélì wa ní Ọjọ́rú. Olùdarí ní kí n ṣí Róòmù 13, ó ní “kí olúkúlùkù ọkàn foríbalẹ̀ fún àwọn aláṣẹ”, ó sì pa ìwé dé. Ó ní ẹ̀mí ọ̀tẹ̀ ló wà lára mi.

Ṣé òótọ́ ni? Mo fẹ́ mọ̀ ni o. Mi ò wá bá ẹnikẹ́ni jà.

Bàbá_Ìjòmù · Àbámẹ́ta, 10:58 alẹ́

Ọmọ mi, kò sí ẹ̀mí ọ̀tẹ̀ lára ẹni tó ń béèrè ọ̀rọ̀. Ohun tí wọ́n ṣe fún obìnrin yẹn burú, mo sì bá a kẹ́dùn.

Àmọ́ jẹ́ kí n sọ tèmi fún ọ. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni mí ní January 1955, nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́. Kò sí ìwé ọjọ́ ìbí nílé wa. Tíṣà ní kí n gbé ọwọ́ ọ̀tún gba orí kọjá kí n fi di etí òsì mú. Ìka mi kan etí, wọ́n sì kọ orúkọ mi. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó jù mí lọ ní ọdún márùn-ún ti dàgbà jù fún kíláàsì kìn-ín-ní nígbà yẹn, kò sì kàwé títí ó fi kú. Bàbá wa bí ọmọ mẹ́sàn-án. Ẹni kan ṣoṣo ló lè sanwó ilé ìwé fún nínú wa. Olóyè Adékúnlé Ajásin, ọmọ Ọ̀wọ̀, wà lára àwọn tó gbé ìlànà ẹ̀kọ́ yẹn kalẹ̀. Nígbà tó sì di gómìnà ìpínlẹ̀ Oǹdó ní 1979, orí ọ̀nà kan náà ló wà.

Owó ìlú ló gbé mi dé ibi tí mo ti di tíṣà, tí mo sì kọ́ àwọn ọmọ yín fún ọdún mọ́kàndínlógójì. Tí a bá ní kí olúkúlùkù di tiẹ̀ mú, ta ni ì bá kọ orúkọ mi? Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Àwọn agbèrò tó ń gbé agbada kì í ṣe ìdí tí a ó fi sọ pé kí ìlú má dáwó jọ.

Ọmọ_Ìdànrè · Àìkú, 6:40 àárọ̀

Bàbá, ẹ kú àárọ̀ sà. Mo dọ̀bálẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí a bi ara wa léèrè ọwọ́ ẹni tí owó yẹn ti jáde.

Àgbẹ̀ kòkó ni bàbá bàbá mi ní Ìdànrè. Láti 1947 ni Bọ́ọ̀dù Kòkó ti wà, ìjọba ló ń dá iye tí àgbẹ̀ máa gbà lórí tọ́ọ̀nù kan. Kò sí ẹlòmíì tó lè gbé kòkó lọ sókè òkun. Bí owó kòkó bá gbéra lọ́jà àgbáyé, àgbẹ̀ ò rí i. Bọ́ọ̀dù máa ń fi ìyókù pamọ́. Wọ́n ní de ọdún tí ọjà bá wó ni. Nígbà tó yá, wọ́n pín Bọ́ọ̀dù sí ẹkùn kọ̀ọ̀kan, ìjọba ẹkùn sì ń mú nínú owó tó ti kó jọ náà fi ṣe ohun tó wù ú. Nínú irú owó bẹ́ẹ̀ ni ilé ìwé ti jáde, inú rẹ̀ náà ni ilé alájà gíga tó wà ní Dùgbẹ̀ n'Ìbàdàn, tí wọ́n parí ní 1965, ti jáde. Orúkọ kòkó ni wọ́n fi pe ilé náà. Bàbá mi àgbà ò fojú kàn án rí.

Wọ́n ń bá a lọ bẹ́ẹ̀ títí di 1986 tí ìjọba fi tú Bọ́ọ̀dù ká. Mo ṣì ní ìwé pélébé tí wọ́n kọ ìwọ̀n kòkó bàbá sí, ó ti di pupa bí ewé gbígbẹ. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe iṣẹ́ yẹn: ẹ̀ ń gé, ẹ̀ ń fọ́, ẹ̀ ń bo kòkó mọ́lẹ̀ sínú ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan kó tó kan dáadáa, ẹ tún ń sá a sóòrùn, tí òjò bá ṣú ẹ ó sáré kó o wọlé. Kí ẹnì kan wá jókòó sí Ìbàdàn kó sọ pé ìdajì nínú iṣẹ́ yìí, èmi ni mo mọ ohun tí màá fi ṣe.

Mi ò sọ pé ilé ìwé ò dáa sà. Bàbá mi náà kàwé nínú rẹ̀. Ohun tí mo ń sọ ni pé ẹnikẹ́ni ò bi àgbẹ̀ léèrè. Bàbá àgbà sọ ọ́ fún mi kó tó kú pé, “Ká ní wọ́n bi mí ni, ǹ bá fún wọn.” Ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò lára mi. Ọlọ́rẹ ni ì bá jẹ́. Wọ́n sọ ọ́ di ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ.

Tóyìn_FUTA · Àìkú, 2:05 ọ̀sán

Ẹ kú ìsinmi, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Ohun tí mi ò lóye nìyí. Ayn Rand tí àwọn ọmọ kíláàsì mi tó fẹ́ràn ọ̀rọ̀ òmìnira yìí ń kà, ó kọ ìwé ní 1964 tó fi sọ pé ìwà rere ni kéèyàn fi ara rẹ̀ ṣáájú. Kò gba Ọlọ́run gbọ́. Ó ní kí ẹnì kan fi ara rẹ̀ rúbọ fún ẹlòmíì, ibi ni. Báwo ni Kristẹni ṣe fẹ́ jókòó sídìí tábìlì kan náà pẹ̀lú rẹ̀? Àgbélébùú ńkọ́?

Ọmọ_Arákálé · Àìkú, 3:30 ọ̀sán

Tóyìn, o ṣeun. Ìbéèrè tó yẹ ni.

Rand fúnra rẹ̀ ò gbà kí wọ́n pe òun ní libertarian, ó tilẹ̀ máa ń bú wọn. Kì í ṣe òun nìkan ló wà lágbo. Frédéric Bastiat, ará Faransé tó jẹ́ ọmọ ìjọ Kátólíìkì, kọ ìwé kékeré kan lórí òfin ní 1850, ọdún tó kú gan-an. Ohun tó béèrè níbẹ̀ ni pé kí a wo òfin dáadáa: ṣé ó ń gba nǹkan lọ́wọ́ oníǹkan fún ẹni tí kò ni ín? Tí ẹni lásán bá ṣe irú rẹ̀, ṣé a máa pè é lọ́daràn? Tó bá rí bẹ́ẹ̀, ìkógun lábẹ́ òfin ni. Lord Acton náà, òpìtàn ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, Kátólíìkì ni. Òun ló kọ lẹ́tà sí Mandell Creighton, àlùfáà Áńgílíkà, ní 1887, pé agbára a máa fẹ́ láti ba ènìyàn jẹ́, agbára tí kò ní ìdíwọ́ a sì bà á jẹ́ pátápátá. Ohun tí àwọn èèyàn kì í sọ mọ́ ọn ni pé ọ̀rọ̀ àwọn póòpù ìgbàanì ni wọ́n ń sọ níbẹ̀. Acton kọ̀ láti tìtorí pé àwọn jẹ́ olórí ìjọ tirẹ̀ dá wọn láre.

Ní tèmi, òdìkejì Rand ni mo dúró sí. Mo fẹ́ kí èèyàn lè fúnni. Tí wọ́n bá ti fipá gbà á lọ́wọ́ mi, mi ò fúnni mọ́. Pọ́ọ̀lù sọ ọ́ nínú Kọ́ríńtì Kejì orí 9 pé kò gbọdọ̀ jẹ́ pẹ̀lú ìkùnsínú tàbí ọ̀ranyàn, nítorí Ọlọ́run fẹ́ onínúdídùn ọlọ́rẹ.

Ajíhìnrere_Òkè-Àró · Àìkú, 8:47 alẹ́

Àlàáfíà fún gbogbo yín. Mo ti ka ọ̀rọ̀ yín láti òkè dé ìsàlẹ̀ kí n tó fọwọ́ kan fóònù.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mú Róòmù 13. Pọ́ọ̀lù ò kọ orí 12 àti orí 13. Lẹ́tà kan lódindi ló kọ, ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n pín in. Ọ̀rọ̀ tó ń bọ̀ láti òkè ni pé ẹ má gbẹ̀san, bí ebi bá ń pa ọ̀tá rẹ, fún un lóúnjẹ. Ìgbà náà ló wá bọ́ sórí ọ̀rọ̀ aláṣẹ. Nero ló wà lórí ìtẹ́ nígbà yẹn, kì í ṣe ọba tó mọ Olúwa. Ohun tó sì pe aláṣẹ ni ìránṣẹ́ Ọlọ́run sí ọ fún rere. Ìránṣẹ́! Ẹni tí a rán níṣẹ́ kì í ṣe ẹni tó ni iṣẹ́. Pọ́ọ̀lù ní ẹni tó ń ṣe rere kò ní ìdí láti bẹ̀rù. Obìnrin tó jí ní aago mẹ́rin lọ ẹ̀wà, kí ló ṣe tí ẹ̀rù fi ní láti bà á? Àwọn àpọ́sítélì kan náà tó ní ká tẹrí ba ló sọ lójú ìgbìmọ̀ nínú Ìṣe 5 pé ti Ọlọ́run làwọn máa gbọ́, kì í ṣe ti ènìyàn. Nítorí náà, Ọmọ_Arákálé, ẹni tó fi ẹsẹ kan pa ọ́ lẹ́nu mọ́ kò ṣe dáadáa sí ọ, kò sì ṣe dáadáa sí ẹsẹ náà.

Ṣùgbọ́n mo ní ọ̀rọ̀ bá ìwọ náà sọ. O kọ ọ́ lókè pé olúkúlùkù ló ni ara rẹ̀. Kristẹni ò lè sọ gbólóhùn yẹn kó dákẹ́ síbẹ̀. Kọ́ríńtì Kìíní orí 6: ẹ kì í ṣe ti ara yín, a ti rà yín ní iye kan. John Locke, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tí àwọn libertarian ń pè ní baba ńlá wọn, mọ èyí. Nínú ìwé rẹ̀ tó jáde ní ìparí 1689, ó sọ pé iṣẹ́ ọwọ́ Ọlọ́run ni wá, dúkìá Ọlọ́run ni wá. Torí ẹ̀ ni ẹnikẹ́ni ò fi gbọdọ̀ ba ẹ̀mí ẹlòmíì jẹ́, tí èmi fúnra mi ò sì gbọdọ̀ pa ara mi. Inú ìwé yẹn kan náà ló ti sọ pé ẹni tí àìní ti ká mọ́, tí kò ní ọ̀nà mìíràn tó lè gbà yè, ní ẹ̀tọ́ sí nǹkan nínú àṣẹ́kù ẹni tó ní. Ẹ̀tọ́ ló pè é. Àwọn tó gba ogún Locke lẹ́yìn rẹ̀ mú ilẹ̀ àti ilé, wọ́n fi Ọlọ́run sílẹ̀ lẹ́yìn odi.

Bí mo ṣe rí i nìyí. Lójú rẹ, Ọmọ_Arákálé, èmi ni mo ni ara mi, o ò gbọdọ̀ fi kùmọ̀ gba tèmi. Lójú Ọlọ́run, mi ò ni ẹyọ ìka kan lára ara mi. Mo jẹ ìyá alákàrà ní gbèsè. Gbèsè gidi ni, kì í ṣe àánú tí mo lè ṣe tó bá wù mí. Ẹni tó máa bi mí léèrè rẹ̀ ló yàtọ̀. Tí ẹ bá wo Ananíà nínú Ìṣe 5, Pétérù sọ fún un gbangba pé nígbà tí ilẹ̀ náà wà, tirẹ ni. Nígbà tí o sì tà á tán, owó náà wà níkàáwọ́ rẹ. Kò sí ọlọ́pàá tó fẹ́ gbà á. Síbẹ̀ ó kú. Iwájú Ọlọ́run ni wọ́n ti dá ẹjọ́ náà.

Bí ẹ bá fẹ́ ìjọba kékeré nítorí pé ẹ bẹ̀rù ohun tí agbára ń ṣe fún ọmọ Ádámù, mo wà pẹ̀lú yín. Bó bá jẹ́ nítorí kí ẹ má baà jẹ ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan, ẹ padà.

Tóyìn_FUTA · Àìkú, 9:02 alẹ́

Ẹ ṣeun sà. Mo ti ya fọ́tò ọ̀rọ̀ yìí pa mọ́.

Ìyá_Ìlàjẹ · Ajé, 5:15 àárọ̀

Ẹ kú àárọ̀ o. Àkúrẹ́ ni mo ń gbé báyìí, àmọ́ Ayétòrò ni wọ́n ti bí mi, létí òkun, ní Ìlàjẹ. Mo rí i pé ẹ̀ ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ọ̀nà méjì péré ló wà: kí ìjọba gbà á, tàbí kí olúkúlùkù di tiẹ̀ mú. Àwọn òbí wa ṣe ẹ̀kẹta.

Ní 1947 ni wọ́n tẹ Ayétòrò dó. Ọmọ ìjọ Kérúbù àti Séráfù ni wọ́n tẹ́lẹ̀, wọ́n ya kúrò, wọ́n sì ń pe ara wọn ní Àpọ́sítélì Mímọ́. Àwọn ará àdúgbò ti ṣenúnibíni sí wọn torí ìgbàgbọ́ wọn. Wọ́n ka Ìṣe 2, wọ́n rí i pé àwọn tó gbàgbọ́ ní ohun gbogbo ní àpapọ̀, wọ́n ní àwa náà á ṣe é. Kò sí ẹni tó ń gba owó oṣù. Ẹni tó ń pẹja ń pẹja fún gbogbo ìlú, ẹni tó ń kan ọkọ̀ ojú omi ń kàn án fún gbogbo ìlú, àwọn obìnrin ń hun aṣọ, àwọn kan ń ṣe bàtà, àwọn kan ń ṣe búrẹ́dì. Orí òpó ni ilé wa wà, pákó la máa ń rìn lé láti ilé dé ilé. Ìyá mi sọ fún mi pé agogo ni wọ́n máa ń lù tí oúnjẹ bá jinná. Iná mànàmáná ń tàn ní Ayétòrò nígbà tí ọ̀pọ̀ ìlú ńlá ní ilẹ̀ Yorùbá ò mọ̀ ọ́n. Kò sí ìjọba tó fún wa. Ìgbàgbọ́ ló so wá pọ̀.

Ọmọ_Arákálé, ìwọ lè sọ pé àwọn tiwa ò lòdì sí ẹ̀kọ́ rẹ torí pé tinútinú ni wọ́n fi wọ̀ ọ́. Òótọ́ ni fún àwọn tó tẹ̀ ẹ́ dó. Àwa tí wọ́n bí síbẹ̀ ńkọ́? Ẹnikẹ́ni ò bi wá. Nígbà tó fi máa di ìparí àwọn ọdún 1960, àwọn ọ̀dọ́ ti ń fẹ́ ní tiwọn, wọ́n sì gbà kí olúkúlùkù máa ṣòwò tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú ohun tí wọ́n kọ́ pọ̀ ló túká lẹ́yìn ìgbà náà. Mi ò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Mo rántí ayọ̀ bàbá mi nígbà tó ra rédíò tirẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́. Mo sì rántí pé ọdún yẹn kan náà ni ìyá mi bẹ̀rẹ̀ sí í ti ilẹ̀kùn mọ́ra lálẹ́.

Òkun wá dé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ èyí. Ilé tí wọ́n ti bí mi wà nínú omi báyìí. Ilé ẹ̀kọ́ tí mo lọ wà nínú omi. Itẹ́ òkú tí wọ́n sin ìyá mi sí, òkun ti kó o. Nígbà tí mo lọ kẹ́yìn, mo dúró létí omi, wọ́n nawọ́ sí ibì kan tí ìgbì ti ń fọ́, wọ́n ní ibẹ̀ ni. Gbogbo ìfẹ́ tó wà láàrin wa, gbogbo àdúrà, gbogbo àpapọ̀ owó wa kò lè mọ ògiri tó máa dá òkun dúró. Iṣẹ́ ìjọba nìyẹn, owó orí la fi ń ṣe é. Wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún kọngílá, a ò rí ògiri kankan. Nítorí náà mo ń bínú sí ìjọba ju ẹ̀yin lọ, àmọ́ mi ò lè sọ pé kí ó má sí.

Ọmọ_Ìdànrè · Ajé, 7:20 àárọ̀

Mà, ẹ kú àmúmọ́ra. Mi ò ní èsì sí ọ̀rọ̀ òkun yẹn. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà lóòótọ́. Ẹ̀rù ọwọ́ tí wọ́n dè pọ̀ ló ń bà mí ṣá.

Ọmọ_Ọ̀wọ̀ · Ajé, 12:48 ọ̀sán

Ọ̀rọ̀ “ìjọba ọlọ́dẹ” tó wà lókè yẹn ló mú mi dá sí i.

Ọjọ́ 5 oṣù kẹfà 2022 jẹ́ Àìkú Pẹ́ńtíkọ́sì. Wọ́n yìnbọn, wọ́n ju bọ́ǹbù sínú ìjọ Kátólíìkì St. Francis ní Ọ̀wọ̀ wa. Ó kéré tán, ogójì ènìyàn ló kú, àwọn ọmọdé wà nínú wọn. Mi ò sí nínú ìjọ lọ́jọ́ náà. Mo wà lára àwọn tó sáré débẹ̀. Bàtà ọmọdé kan ṣoṣo tí mo rí lẹ́nu ọ̀nà, aláwọ̀ funfun, okùn rẹ̀ ṣì wà ní dídè.

Ẹ gbọ́ o. Àní àwọn tó fẹ́ ìjọba kékeré jù lọ gbà pé iṣẹ́ kan ṣoṣo wà tí a ò lè gbà lọ́wọ́ rẹ̀: kó dáàbò bo ẹ̀mí. Pọ́ọ̀lù náà sọ bẹ́ẹ̀, idà kò sí lọ́wọ́ aláṣẹ lásán. Ìjọba wa ń dá sí ọ̀rọ̀ agbada àkàrà. Lábẹ́ òfin wa, gómìnà tí a ń pè ní olórí ètò ààbò ìpínlẹ̀ kò ní ọlọ́pàá kankan tirẹ̀, Àbújá ló ni gbogbo wọn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2020 ni àwọn ìpínlẹ̀ wa dá Amọ̀tẹ́kùn sílẹ̀, kí àwọn tó mọ igbó wa lè máa ṣọ́ igbó wa. Ìjọba tó wà lókè kọ́kọ́ ní kò bófin mu.

Mi ò mọ orúkọ tí wọ́n ń pe ẹ̀kọ́ tèmi. Ohun tí mo fẹ́ ni pé kí ẹni tó ń gba owó mi lórúkọ ààbò dáàbò bò mí. Tí kò bá lè ṣe é, kó jẹ́ kí n ṣe é.

Ajíhìnrere_Òkè-Àró · Ajé, 1:10 ọ̀sán

Arákùnrin mi, Ọlọ́run tù yín nínú. A ò gbàgbé wọn.

Díákónì_Ìjọkà · Ajé, 4:33 ìrọ̀lẹ́

Mo kàn fẹ́ rán wa létí nǹkan kan. Ní August 2020, nígbà tí ààrẹ fọwọ́ sí òfin ilé iṣẹ́ tuntun, abala 839 nínú rẹ̀ fún àjọ ìjọba lágbára láti dá àwọn alákòóso ìjọ dúró, kó sì fi ẹlòmíì rọ́pò wọn. Gbogbo ìjọ ló pariwo. Ìwàásù lórí òmìnira, àwẹ̀, ìpàdé. Èmi náà gbààwẹ̀. A ní Késárì ti na ọwọ́ dé ibi tí kì í ṣe tirẹ̀. Òótọ́ la sọ. Àmọ́ láti ọdún wo ni àwọn onítíkẹ́ẹ̀tì ti ń na ọwọ́ dé ọ̀dọ̀ àwọn ìyá tó ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì ìjọ wa? Mi ò rántí ọjọ́ kan tí a gbààwẹ̀ fún wọn. Ọkàn mi gbọgbẹ́ bí mo ṣe ń kọ èyí.

Tóyìn_FUTA · Ajé, 6:01 ìrọ̀lẹ́

Tí ìjọba bá wá fà sẹ́yìn lóòótọ́ ńkọ́, ṣé ìjọ lágbára àtitọ́jú àwọn opó? Nínú Ìṣe 6, ìjọ àwọn àpọ́sítélì pàápàá ń fo àwọn opó kan tó ń sọ èdè Gíríìkì nígbà tí wọ́n bá ń pín oúnjẹ.

Ajíhìnrere_Òkè-Àró · Ajé, 6:40 ìrọ̀lẹ́

Wọ́n fò wọ́n, Tóyìn. Wọ́n sì tún un ṣe láàrin ara wọn: wọ́n yan ọkùnrin méje, orúkọ Gíríìkì ni gbogbo wọn ń jẹ́. Àwọn tí wọ́n ń fò ni wọ́n fa ìpín lé lọ́wọ́. Mo fẹ́ràn ibẹ̀ gan-an. Àmọ́ sí ìbéèrè rẹ: bí ìjọ ṣe wà lónìí, rárá. Ìjọ tèmi gan-an ò lè ṣe é. Mo sọ ọ́ pẹ̀lú ìtìjú.

Bàbá_Ìjòmù · Ajé, 9:26 alẹ́

Mo ti ka gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ọmọ_Ìdànrè, ọ̀rọ̀ bàbá rẹ àgbà kò jẹ́ kí n sùn lánàá. Bàbá tèmi náà gbin kòkó. Mi ò ronú kàn án rí pé ó ti sanwó ilé ìwé mi kí wọ́n tó pè é ní ọ̀fẹ́. Mo ṣì dúró lórí pé ó yẹ kí ìlú máa dáwó jọ. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí a ti bi í.

Mo lọ ka Nehemáyà orí 5. Ọdún méjìlá ló fi jẹ́ gómìnà ní Júdà tí kò sì jẹ oúnjẹ gómìnà. Ó ní àwọn gómìnà tó ṣáájú òun gba oúnjẹ àti wáìnì àti ogójì ṣékélì fàdákà lọ́wọ́ àwọn ènìyàn, àti pé àwọn ìránṣẹ́ wọn pàápàá ń jẹ gàba lé àwọn ènìyàn lórí. Àwọn ìránṣẹ́ wọn. Mo ti ka ibẹ̀ láìmọye ìgbà, mi ò rí àwọn onítíkẹ́ẹ̀tì níbẹ̀ rí, àfi alẹ́ yìí. Nehemáyà ní òun ò ṣe bẹ́ẹ̀ nítorí ìbẹ̀rù Ọlọ́run. Òfin gbà á láyè, ẹ̀rù Ọlọ́run ni kò gbà á láyè.

Mo tún ṣí Diutarónómì 24. Ẹsẹ kẹfà ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gba ìyá-ọlọ tàbí ọmọ-ọlọ ní ohun ìdógò, nítorí pé ẹ̀mí ènìyàn ló gbà yẹn. Ẹni tó jẹ gbèsè lóòótọ́ ni wọ́n ń sọ níbẹ̀ o. Bí ó tiẹ̀ jẹ gbèsè, a kì í gba ohun tó fi ń jẹun. Ọlọ nìyẹn fún wọn. Agbada nìyẹn fún obìnrin tìrẹ. Nítorí náà, ìbáà jẹ́ pé ìjọba gidi ló rán àwọn ọkùnrin yẹn, wọ́n ti rú òfin Ọlọ́run.

Ọmọ_Arákálé, ṣé àwọn tíkẹ́ẹ̀tì yẹn ṣì wà lọ́wọ́ ìyá náà? Àwọn kan tí mo kọ́ ní ilé ìwé ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì ìjọba báyìí. Mo fẹ́ mọ èyí tí òfin mọ̀ nínú wọn àti èyí tí òfin ò mọ̀. Ẹsẹ̀ ń dùn mí, àmọ́ mo lè rìn.

Ọmọ_Arákálé · Ajé, 10:51 alẹ́

Bàbá, mo dọ̀bálẹ̀ sà.

Mo ti lọ bá a lálẹ́ yìí. Gbogbo wọn ló wà nínú ike mílíìkì kan, ó ń tọ́jú wọn láti ọdún tó kọjá, ó ní bóyá ọjọ́ kan ẹnì kan máa béèrè. Mẹ́tàdínlógún ni. Mo tẹ́ wọn sórí káńtà, mo kà wọ́n lójú rẹ̀. Mẹ́rin péré ló ní òǹtẹ̀. Ó bi mí bóyá wọ́n máa dá agbada náà padà, mo ní mi ò mọ̀. Ó ní kí n bá òun kí yín.

Díákónì, mo ti rí ọ̀rọ̀ tí ẹ fi ránṣẹ́ sí mi lẹ́yìn gbàgede. Mo bá a sọ ọ́, ó ní òun á gba agbada tuntun náà gẹ́gẹ́ bí àwìn, òun á san án díẹ̀díẹ̀.

Bàbá, lọ́la ní aago mẹ́sàn-án, màá wà lẹ́nu ọ̀nà Kàtídírà ní Ìjòmù. Èmi ni mo máa gbé ike náà wá. Ẹ má fẹsẹ̀ rìn, mo ti bá ọlọ́kadà kan sọ̀rọ̀.